Èso àgbàlá: kóró wo ló lè dúró de òjò, èwo ni kò lè dúró?

Ìyá Ìbejì Ìgbógbo

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Ẹ kú ọyẹ́. Mo ní ìbéèrè kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ilé tá a háyà ní Ìgbógbo la wà látìgbà tá a ti bí àwọn ìbejì, àgbàlá rẹ̀ sì kún fún igi eléso. Ìbẹ́pẹ wà, ọsàn wà, àgbálùmọ̀ kan wà tí gbogbo àdúgbò mọ̀, tó ń so lọ́wọ́ báyìí. Máńgòrò náà wà, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ní oṣù kẹta. Tòmáàtì, ata rodo àti tàtàṣé wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà lẹ́yìn ilé ìdáná. Lágbára Ọlọ́run, tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ ní oṣù kẹrin, a máa kó lọ sórí ilẹ̀ tiwa ní Ìmọ̀ta. Hááfù pílọ́ọ̀tì ni.

Mi ò fẹ́ fowó ra ohun tí mo ti ní. Kóró gbogbo wọn ni mo fẹ́ kó dání. Ṣé kí n kàn sá gbogbo rẹ̀ sórí páànù, kí n dì í sínú ọ̀rá títí a ó fi kó lọ, àbí ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan? Àgbálùmọ̀ yẹn ló wà lọ́kàn mi jù o.

Bàbá Olóko Ìmọ̀ta

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra. Ìmọ̀ta á gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀.

Ẹ má sá àgbálùmọ̀ o. Ẹ má gbé e sún mọ́ páànù rárá. Kóró àgbálùmọ̀ tẹ́ ẹ bá sá di oṣù kẹrin, kí àwọn ìbejì fi ta ayò ló kù, kò ní hù mọ́. Ṣé ẹ mọ bí àwọn olóbì ṣe ń ṣe obì? Wọ́n á tẹ́ ewé sísàlẹ̀ agbọ̀n, wọ́n á da obì lé e, wọ́n á tún fi ewé bò ó lórí, wọ́n á sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè, torí wọn ò fẹ́ kí omi ara rẹ̀ gbẹ. Bí ti obì ṣe rí náà ni ti kòkó, ti àgbálùmọ̀, ti máńgòrò àti ti píà. Omi inú kóró wọn ni ẹ̀mí wọn. Tí ó bá ti gbẹ, ó parí.

Ìbẹ́pẹ, ata, tòmáàtì, ilá, elégédé, gúáfà, àwọn yẹn ni kẹ́ ẹ sá. Wọ́n lè dúró de òjò ọdún yìí, wọ́n sì lè dúró de tọdún tó ń bọ̀ pàápàá bí ibi tẹ́ ẹ kó wọn sí bá gbẹ dáadáa.

Tíṣà Báyọ́lọ́jì

Bàbá, ẹ ṣeun sà. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Kóró ata àti ti tòmáàtì, tí wọ́n bá gbẹ, oorun ni wọ́n ń sùn. Ọmọ igi tó wà nínú wọn kò kú, iṣẹ́ ara rẹ̀ ló lọ sílẹ̀ títí omi yóò fi kàn án. Àwọn igi inú igbó kìjikìji bíi àgbálùmọ̀ kò mọ oorun yẹn. Èso wọn bọ́ sórí ilẹ̀ tútù lábẹ́ òjìji, kóró inú rẹ̀ sì ti múra àtihù lójú ẹsẹ̀. Kò sí ìgbà tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbẹ tí wọ́n sì ń yè é.

Tẹ́ ẹ bá bá èso tẹ́ ẹ ò mọ̀ pàdé, ẹ wo kóró rẹ̀. Tó bá tóbi, tó wúwo, tí èékánná lè wọ ẹran inú rẹ̀, ẹ má sá a. Tó bá kéré, tó le, tó fúyẹ́, ẹ lè sá a. Kì í ṣe òfin tí kò ní àyàfi o. Kóró ọsàn kéré lóòótọ́, síbẹ̀ kò fẹ́ràn gbígbẹ.

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ̀

Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, ti ọsàn yẹn ni mi ò gbà. Màmá wa àgbà máa ń da kóró ọsàn sẹ́yìn ilé ni, oòrùn á pa á, òjò á dé, ó máa hù ni. Kò sẹ́ni tó tọ́jú ẹ̀.

Tíṣà Báyọ́lọ́jì

Àbúrò, èyí tó hù lẹ rí, ẹ ò ka èyí tí kò hù. Ẹ̀yìn ilé Màmá, abẹ́ ewé gbígbẹ àti èèpo iṣu ni, ibẹ̀ kì í gbẹ tán. Kóró ọsàn kì í kú lẹ́ẹ̀kan bíi ti àgbálùmọ̀. Bó ṣe ń gbẹ sí i ni agbára rẹ̀ ń dín kù, díẹ̀ lè ṣẹ́ kù. Ẹni tó ní kóró ọgọ́rùn-ún lè fi ìyẹn ṣe eré. Ẹni tó fẹ́ kí mẹ́wàá tó ní lọ́wọ́ hù, kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ̀

Ó dáa, sà. Mo gbà fún yín ní ìdajì.

Àǹtí Násírì Odògúnyàn

Ẹ kú àárọ̀ o, Ìyá Ìbejì. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun, iṣẹ́ gbígbin igi kéékèèké fún títà, lẹ dá sílẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀yin ń bi wá bẹ́ ẹ ṣe máa tọ́jú kóró àgbálùmọ̀ di oṣù kẹrin. Èmi á ní kẹ́ ẹ má tọ́jú kóró, ẹ gbìn ín báyìí. Oṣù mẹ́ta tẹ́ ẹ fẹ́ fi dúró yẹn, ẹ jẹ́ kó fi hù. Igi kékeré lẹ máa kó lọ sí Ìmọ̀ta, kì í ṣe kóró.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Ẹ ṣa àgbálùmọ̀ tó pọ́n dénú, tó já fúnra rẹ̀, láti ara igi yẹn. Tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ́ tán, ẹ fọ ara yíyọ̀ tó lẹ̀ mọ́ kóró dànù, torí òun ló ń pe èèrà àti ìbu. Ẹ gbìn ín lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì. Ọ̀rá omi tẹ́ ẹ ti mu tán ti tó fún ilé rẹ̀. Ẹ gé orí rẹ̀, ẹ lu ihò mẹ́rin márùn-ún sí ìdí, ẹ rọ ilẹ̀dú tẹ́ ẹ fi iyanrìn díẹ̀ lú sínú rẹ̀. Kóró kò gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ ju ìwọ̀n gígùn ara rẹ̀ lọ. Abẹ́ òjìji ni kẹ́ ẹ tò ó sí, kẹ́ ẹ máa bomi rin ín láràárọ̀, torí ọyẹ́ yìí kò mọ ọmọdé. Ẹ má gbẹ́ ẹ wò o! Mo mọ̀ yín. Ó lè pẹ́ bí oṣù kan kó tó yọjú, nígbà míì ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbin mẹ́wàá kẹ́ ẹ lè mú méjì tó dára jù.

Máńgòrò tó ń bọ̀ ní oṣù kẹta, bákan náà ni, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ní ẹ̀wù. Èèpo líle tó bo kóró yẹn, ẹ fi ọ̀bẹ tàbí sísọ́ọ̀sì la etí rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ yọ ohun tó dà bí ẹ̀wà ńlá tó wà nínú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ihò àti ìyẹ̀fun dúdú nínú rẹ̀, kòkòrò ti jẹ ẹ́, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ tẹ́ èyí tó dáa sórí ilẹ̀ kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ̀ kọjú sókè, kẹ́ ẹ fi ilẹ̀ díẹ̀ bò ó. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ló sábà máa ń hù. Tẹ́ ẹ bá ní ìdí tí ẹ ò fi lè gbìn ín lójú ẹsẹ̀, ẹ rì í sínú ìyẹ̀fun pákó tó rin díẹ̀, níbi tútù. Ìyẹn á fún yín ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kò lè fún yín ní oṣù mẹ́ta.

Ìyá Ìbejì Ìgbógbo

Áà, ẹ ṣé mà! Ìyẹn ni mi ò rò. Mo ti ń kó ọ̀rá omi jọ láti àná, àwọn ìbejì rò pé mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta omi.

Ìbẹ́pẹ ńkọ́? Ṣé ti òun kàn jẹ́ ká sá a ni?

Àǹtí Násírì Odògúnyàn

Ẹ má tíì sá a. Ẹ wo ara kóró ìbẹ́pẹ tuntun, awọ yíyọ̀ kan wà tó bò ó bí àpò omi kékeré. Ohun kan wà nínú awọ yẹn tí kì í jẹ́ kó tètè hù. Ẹ dà wọ́n sínú ajọ̀, ẹ fi ọwọ́ rà wọ́n mọ́ ara ajọ̀ lábẹ́ omi títí gbogbo àpò yẹn á fi fọ́. Àwọn kan máa ń fi iyanrìn tàbí eérú rà á, ìyẹn náà dáa, ó ń yá. Èyí tó bá léfòó, ẹ dà á nù. Ẹ wá tẹ́ ìyókù sórí àwo lábẹ́ òjìji níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kì í ṣe sórí páànù gbígbóná. Lásìkò ọyẹ́ yìí, wọ́n máa tètè gbẹ.

Olùwòsàn Ewé

Kóró ìbẹ́pẹ yẹn kan náà, tẹ́ ẹ bá lọ̀ ọ́ tẹ́ ẹ fi oyin pò ó, ó ń lé aràn inú...

Alábòójútó

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ gbígbìn la wà. Kí ti aràn lọ sí yàrá tirẹ̀. Ẹ ṣeun.

Bàbá Olóko Ìmọ̀ta

Ìyá Ìbejì, kẹ́ ẹ tó kó kóró ìbẹ́pẹ, irú ìbẹ́pẹ wo lẹ ní? Ṣé gígùn ni àbí rogodo? Ó ní ohun tí mo fẹ́ fi sọ.

Ìyá Ìbejì Ìgbógbo

Méjèèjì wà, sà. Ọ̀kan ń so gígùn, ẹran rẹ̀ nípọn, ó sì dùn gan-an. Ìkejì rogodo, inú rẹ̀ ṣófo díẹ̀.

Bàbá Olóko Ìmọ̀ta

Ti gígùn ni kẹ́ ẹ kó. Ẹni tó wá kọ́ wa níṣẹ́ nígbà kan ló ṣàlàyé rẹ̀ fún wa, mo sì ti fi ojú ara mi rí i lóko. Igi tó ń so rogodo, abo ni, ó nílò akọ tàbí igi tó ń so gígùn nítòsí kó tó lè so èso tó ní kóró. Kóró tí akọ bá sì fún un, ìdajì rẹ̀ á di akọ tí kò ní so nǹkan kan, ìdajì á di abo. Igi tó ń so gígùn ní akọ àti abo nínú òdòdó kan náà, ó lè dá ara rẹ̀ gbà. Nínú àwọn ọmọ tó bá bí láti ara ara rẹ̀, méjì nínú mẹ́ta á dà bí òun, ìkẹta á jẹ́ abo. Kò ní sí akọ òfìfo níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní Solo, kékeré tó rí bíi píà yẹn, irú rẹ̀ ni.

Àmọ́ o, tí akọ bá wà ní àgbàlá ẹnì kejì, kòkòrò lè gbé ìyẹ̀fun òdòdó rẹ̀ wá. Ẹ ṣì gbin mẹ́ta sínú ihò kan.

Ìyàwó Káńsù Tẹ́lẹ̀

Ẹ̀yin ọlọ́gbọ́n, èmi ò ní àgbálùmọ̀, tòmáàtì nìkan ni mo ní nínú báàgì sìmẹ́ǹtì. Mo ra irúgbìn rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á nínú páálí kékeré, ó sì so ju ohun tí mo retí lọ. Ṣé mo lè mú kóró rẹ̀?

Àǹtí Násírì Odògúnyàn

Ẹ wo ara páálí yẹn. Ṣé wọ́n kọ F1 sí i?

Ìyàwó Káńsù Tẹ́lẹ̀

Bẹ́ẹ̀ ni, F1 ló wà níbẹ̀ gàdàgbà.

Àǹtí Násírì Odògúnyàn

Àdàlù ìyá àti bàbá méjì tó yàtọ̀ nìyẹn, ìran kìíní nìkan ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbin kóró tòmáàtì yẹn, ó máa hù dáadáa, ṣùgbọ́n kálukú á gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ: òmíì kéré, òmíì ń tètè jẹrà, òmíì dáa. Tó bá jẹ́ fún ọbẹ̀ ilé nìkan, ẹ gbìn ín, kò sẹ́ni tó máa mú yín. Tó bá jẹ́ fún títà, ẹ lọ ra tuntun.

Ti Ìyá Ìbejì tí kì í ṣe F1, ó rọrùn. Tòmáàtì sábà máa ń dá ara rẹ̀ gbà, nítorí náà ọmọ á jọ ìyá. Ẹ mú èyí tó pọ́n jù lára igi tó lágbára jù. Ẹ má mú ìyọkù tí ẹ ò rí jẹ! Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á jẹ èyí tó dára tán, wọ́n á wá fi èyí tó rọ̀ ṣe irúgbìn, wọ́n á sì máa bínú pé tòmáàtì àwọn ń kéré sí i lọ́dọọdún. Ẹ fún kóró rẹ̀ pẹ̀lú omi rẹ̀ sínú ife, ẹ bù omi díẹ̀ sí i, ẹ jẹ́ kó kan fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Á rùn díẹ̀, á sì hó lórí, ẹ má fòyà. Kíkan yẹn ló ń bọ́ ara yíyọ̀ kúrò lára rẹ̀. Kóró tó dára á rì sísàlẹ̀. Ẹ ṣàn án, ẹ tẹ́ ẹ sórí àwo alápẹpẹ. Tó bá jẹ́ orí bébà lẹ tẹ́ ẹ sí, á lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ̀yin àti bébà lẹ máa jọ gbìn.

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ̀

Ata ńkọ́? Ìyá Ìbejì sọ pé rodo àti tàtàṣé wà pa pọ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo gbọ́ pé tí tàtàṣé bá sún mọ́ ata míì, ó máa ń ta.

Tíṣà Báyọ́lọ́jì

Èyí tẹ́ ẹ bá já lónìí kò ní ta nítorí aládùúgbò rẹ̀. Ẹran tàtàṣé, ara ìyá rẹ̀ ni. Inú kóró ni àdàlù náà wà, èyí túmọ̀ sí pé ọdún tó ń bọ̀ lẹ máa mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Tàtàṣé àti ṣọ̀mbọ̀ ló ń bára wọn lò jù, oyin àti kòkòrò ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó láti ara ọ̀kan sí òmíràn. Rodo jìnnà sí wọn díẹ̀, àdàlù tirẹ̀ kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí Ìyá Ìbejì bá fẹ́ kí ó dá òun lójú, kó wá ẹ̀ka tàtàṣé kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yọ òdòdó, kó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tàbí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bò ó, kó máa mì í díẹ̀ láràárọ̀. Èso tó bá so nínú nẹ́ẹ̀tì yẹn, kó so òwú mọ́ ọn. Kóró rẹ̀ ni kó mú nígbà tó bá pọ́n wẹ̀.

Ẹ wẹ ọwọ́ yín tẹ́ ẹ bá yọ kóró rodo tán. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá Ìbejì Ìgbógbo

Tí mo bá wá sá wọn tán, níbo ni kí n kó wọn sí? Fíríìjì wà, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ bí iná ṣe ń ṣe.

Bàbá Olóko Ìmọ̀ta

Láyé àwọn bàbá wa, òkè àdògán la máa ń so irúgbìn kọ́. Èéfín ń lé kòkòrò, ooru iná ń lé ọ̀rinrin. Gáàsì lẹ ń lò báyìí, kò sí èéfín níbẹ̀ mọ́. Ẹ wá ìgò tó ní ìdérí tó ń dé pa, ẹ rọ eérú igi tó gbẹ, tó ti tutù, sí ìdí rẹ̀, kẹ́ ẹ fi bébà dì kóró lé e lórí.

Tíṣà Báyọ́lọ́jì

Ẹni tí kò rí eérú, kó yan ìrẹsì gbígbẹ nínú ìkòkò láìfi epo tàbí omi sí i, kó jẹ́ kó tutù nínú ohun tó ní ìdérí, kó sì kó o sídìí ìgò. Ó máa fa ọ̀rinrin tó bá kù. Ọ̀rinrin yìí gan-an lọ̀tá wa ní Ìkòròdú, ọ̀sà wà nítòsí, afẹ́fẹ́ wa kì í gbẹ pẹ́. Òfin kan wà tí àwọn onímọ̀ irúgbìn ń lò fún kóró tó ṣeé sá: bí omi inú rẹ̀ bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, ọjọ́ ayé rẹ̀ á di ìlọ́po méjì. Bí ooru ibi tó wà bá sì fi 5°C dín kù, ìlọ́po méjì náà ni. Ohun ìdíwọ̀n ni o, kì í ṣe ìlérí, àmọ́ ó jẹ́ ká mọ̀ pé gbígbẹ àti ìtutù ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Nípa fíríìjì, tí iná bá ń lọ tó ń bọ̀, ìgò tó dé pa nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí oòrùn kì í dé sàn jù ú. Tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ lo fíríìjì, ẹ má ṣí ìgò náà lójú ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ bá gbé e jáde. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi á sẹ̀ sára kóró nínú rẹ̀. Ẹ sì kọ orúkọ àti oṣù sára ìgò. Kóró tàtàṣé àti ti rodo, kò sẹ́ni tó lè fojú yà wọ́n sọ́tọ̀.

Àǹtí Násírì Odògúnyàn

Ti ọsàn yín tí mo ń bọ̀ wá sọ: ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí omi ara rẹ̀ nìkan gbẹ, ẹ gbìn ín báyìí bíi ti àgbálùmọ̀. Ohun tó dáa nípa ọsàn mímu ni pé kóró kan lè yọ ọ̀mùnú méjì tàbí mẹ́ta, ọ̀pọ̀ jù nínú wọn ló jẹ́ ẹ̀dà ìyá wọn gan-an, kì í ṣe ọmọ àdàlù. Nítorí náà, ọsàn tó dùn sábà máa ń bí ọsàn tó dùn. Àwọn máńgòrò kan náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Máńgòrò Julie kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀mùnú kan ṣoṣo ló ń yọ, a ò sì mọ irú ọmọ tó máa bí. Píà pẹ̀lú, tẹ́tẹ́ ni.

Ìyàwó Káńsù Tẹ́lẹ̀

Kí ló wá dé tí àwọn tó ń ta igi máńgòrò fi ń sọ pé tiwọn á so ní ọdún mẹ́ta? Èyí tí bàbá mi gbìn, mo ti lọ́kọ kó tó so.

Àǹtí Násírì Odògúnyàn

Tiwọn kì í ṣe láti inú kóró nìkan. Wọ́n gbin kóró, nígbà tó di igi kékeré, wọ́n gé orí rẹ̀, wọ́n sì so ẹ̀ka igi tó ti ń so èso mọ́ ọn títí wọ́n fi lẹ̀ pọ̀. Ẹ̀ka yẹn ti dàgbà, ó mọ bí wọ́n ṣe ń so. Igi tó ti inú kóró wá ní láti gba ọdún ìgbà èwe rẹ̀ kọjá. Àgbálùmọ̀ lè tó ọdún méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọsàn náà á pẹ́, á sì ní ẹ̀gún nígbà èwe. Ẹni tó bá ń kánjú, kó ra èyí tí wọ́n ti so pọ̀. NIHORT ní Ìbàdàn, ilé ìwádìí ìjọba lórí èso àti ẹ̀fọ́ tó wà látọdún 1975, ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Ṣùgbọ́n Ìyá Ìbejì, igi kékeré tẹ́ ẹ bá gbìn láti inú kóró yìí náà lè di ìdí igi tí wọ́n á so ẹ̀ka mọ́. Tẹ́ ẹ bá lè gba ẹ̀ka lára àgbálùmọ̀ Ìgbógbo yẹn lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ pè mí, kì í ṣe ọ̀fẹ́ o! Ìyẹn lohun tó máa jẹ́ kẹ́ ẹ jẹ àgbálùmọ̀ yẹn gan-an ní Ìmọ̀ta, kì í ṣe ọmọ rẹ̀ tó lè kan tàbí kó dùn.

Ará Àgbádárìgì

Mo kàn ń kọjá lọ. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba àgbọn! Òun náà, ẹ má yọ èèpo rẹ̀. Ẹ mú èyí tó gbó, tó ti ń di àwọ̀ ilẹ̀, tẹ́ ẹ bá mì ín tí omi ń dún nínú rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sùn, ẹ rì í dé ìdajì sínú iyanrìn, ẹ máa bomi rin ín. Èyí tí kò ga máa ń tètè hù ju èyí tó ga lọ, ọmọ rẹ̀ sì sábà máa ń jọ ìyá, torí ó ń dá ara rẹ̀ gbà. Èyí tó ga ń gba ìyẹ̀fun òdòdó látọ̀dọ̀ ẹlòmíì. Tí oṣù mẹ́fà bá kọjá tí kò hù, ẹ lọ fi ṣe epo. Ẹni tó bá fẹ́ ra igi rẹ̀, LASCODA, àjọ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó lórí àgbọn, wà lọ́dọ̀ wa níbí.

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ̀

Ọ̀pẹ òyìnbó ńkọ́?

Ará Ẹ̀pẹ́

Kóró kọ́. Ọmọ tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbìn. Orí rẹ̀ náà ń hù, á pẹ́ ju ọmọ ìdí lọ kó tó so. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, bákan náà, ọmọ ìdí.

Bàbá Olóko Ìmọ̀ta

Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ kan tó kù lẹ́nu mi. Hááfù pílọ́ọ̀tì, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 60 ni. Tẹ́ ẹ bá kọ́ ilé tán, tẹ́ ẹ gbẹ́ kànga àti sókáwéè, ilẹ̀ tó kù kò pọ̀. Máńgòrò kan, àgbálùmọ̀ kan àti ọsàn méjì, wọ́n á ti kún un. Àgbálùmọ̀ kì í ṣe òdòdó inú ìkòkò, igi igbó ni, gbòǹgbò rẹ̀ á wá ìdí ilé yín wá bẹ́ ẹ bá gbìn ín mọ́ ògiri. Ẹ gbé e lọ sí igun tó jìnnà jù sí ilé àti sókáwéè. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú mẹ́wàá yẹn, ẹ pín in fún àwa aládùúgbò.

Ìyá Ìbejì Ìgbógbo

Bàbá, tiyín ti wà nílẹ̀ níyẹn. Mo bá lánlọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀ lálẹ́ àná, ó ní kí n mú kóró tó bá wù mí, àmọ́ kí n gbin àgbálùmọ̀ kan sílẹ̀ fún òun náà, torí èyí tó wà yìí ti ń gbó. Ọ̀rá méjìlá ni mo tò lónìí.

Ará Báyékù

Ẹ forí jì mí pé mo pẹ́ dé. Ìbẹ́pẹ kan wà lẹ́yìn ilé wa tó ń yọ òdòdó lórí okùn gígùn tó ń fì, kò so rí. Ṣé kí n gé e?

Bàbá Olóko Ìmọ̀ta

Akọ nìyẹn. Òdòdó abo kì í fì, ẹ̀gbẹ́ igi ló máa ń jókòó sí, ìdí rẹ̀ á sì wú bí èso kékeré. Tẹ́ ẹ bá ní abo rogodo tó tó mẹ́jọ mẹ́wàá nítòsí, ẹ fi akọ kan sílẹ̀ fún wọn. Tó bá jẹ́ òun nìkan lẹ ní, ẹ gé e, kẹ́ ẹ gbin kóró mẹ́ta láti inú ìbẹ́pẹ gígùn sínú ihò kan. Ní bí oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà, wọ́n á yọ òdòdó. Ẹ wò ó dáadáa, kẹ́ ẹ fi èyí tó dára jù sílẹ̀, kẹ́ ẹ gé méjì yòókù nídìí. Ẹ má fà wọ́n tu, gbòǹgbò wọn ti lọ́ mọ́ ti èyí tẹ́ ẹ fẹ́.